Bí àwọn onílé tuntun ṣe lè dín èéfín òpópónà márosẹ̀ kù

Ní Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé alájà púpọ̀ ni wọ́n ń kọ́ sí tòsí ibùdókọ̀ ojú irin, kí àwọn olùgbé lè dín ọkọ̀ wíwà kù. Àmọ́ àwọn kan nínú àwọn ibùdókọ̀ wọ̀nyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀, níbi tí èéfín ọkọ̀ ti pọ̀.

Ìwádìí kan tí Yunifásítì Southern California gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tó ń dàgbà láàrin mítà 500 sí òpópónà márosẹ̀ kì í lágbára tó ti àwọn tí ilé wọn jìnnà tó mítà 1,500. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2005, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní California ti gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n má kọ́ ilé tuntun sí ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 500 sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2016, ìlú Los Angeles sọ ọ́ di dandan kí ilé tuntun tó wà láàrin ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ní asẹ́ afẹ́fẹ́ onípele MERV 13. Asẹ́ yìí ń gba èérún èéfín dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá àwọn gáàsì olóró dúró. Bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀, tàbí tí wọn kò bá pààrọ̀ asẹ́ náà lásìkò, àǹfààní rẹ̀ yóò dín kù.

Nítorí náà, ó yẹ kí ayàwòrán ilé gbé ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ibi ìṣeré àwọn ọmọdé, sí ìhà tí kò kọjú sí òpópónà. Síbẹ̀, jíjìnnà sí èéfín ni ààbò tó dájú jù lọ.