Fèrèsé àti Ilẹ̀kùn Ilé Yín: Ìwọ̀n Wo Ni Ó Tó fún Ìlera Ìdílé?

Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí a bá ń kọ́lé, ẹ̀yin ni ẹ máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀yin kan náà ni ẹ sì máa ń pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí bíríkìlà bá béèrè bí fèrèsé yàrá yóò ti tóbi tó, baálé ilé nìkan ni ó máa ń dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, bíríkìlà kì í tilẹ̀ béèrè. Bí ó ti ṣe ti ilé kejì ni yóò ṣe ti èyí. Bí ilé bá sì parí, ẹ̀yin ni ẹ ó máa tẹ́ ọmọ sínú yàrá náà, ẹ̀yin ni ẹ ó máa jí lóru láti fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fèrèsé àti ilẹ̀kùn kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ìwọ̀n tí àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wa mọ̀ jù kò ṣòro láti rántí. Ilẹ̀kùn yàrá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú àti 7 ní gíga. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé máa ń jẹ́ 4 sí 7. Ti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ 2½ sí 7. Fèrèsé yàrá sábà máa ń jẹ́ 4 sí 4, ti pálọ̀ lè fẹ̀ tó 5 tàbí 6, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jẹ́ 2 sí 2. Bí ẹ bá rí 900 àti 2100, tàbí 1200 àti 1200, lórí ìwé àwòrán ilé, ìwọ̀n kan náà ni. Mìlímítà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà búlọ́ọ̀kù 4 láti ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, níbẹ̀ ni ìdí fèrèsé máa ń jókòó sí. Orí rẹ̀ àti orí ilẹ̀kùn a sì jọ dé ẹsẹ̀ bàtà 7, níbi tí a ó ti da líńtẹ̀lì lé wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdí fèrèsé lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè gùn ún, kí ó sì jábọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò ara ògiri ni atẹ́gùn ń gbà. Ibi tí ó ṣí nìkan ni ó ń gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ 144, bí a bá fi ìbú sọ òòró di púpọ̀. Fèrèsé 4 sí 4 kan jẹ́ 16. Bí ó bá jẹ́ lúfà, onígíláàsì pelebe-pelebe, tí ẹ sì ṣí i tán, atẹ́gùn yóò gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo 16 náà. Èyí tí a ń tì síta bí ilẹ̀kùn náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé onígíláàsì méjì tí ọ̀kan ń yọ̀ gba ẹ̀yìn ìkejì, èyí tí ó gbòde lónìí, kò lè ṣí ju ìdajì lọ: 8 péré. Owó odindi fèrèsé ni ẹ san, ìdajì ni ẹ rí gbà! Ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè India ní kí ojú fèrèsé tó ìdá kan nínú mẹ́fà ilẹ̀ yàrá ní àgbègbè tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀ bíi tiwa. Fún yàrá wa yìí, 24 nìyẹn. Fèrèsé 4 sí 4 kan kò tó o. Méjì ni, kí wọ́n sì wà lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí atẹ́gùn tí kò bá rí ibi jáde kì í wọlé.

Mo wọ yàrá kan nígbà àbẹ̀wò ilé-dé-ilé, ènìyàn 6 ni ó ń sùn níbẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní. Kọ́bọ́ọ̀dù bo ìdajì rẹ̀, páálí tí wọ́n lẹ̀ nígbà ọyẹ́ sì bo ìyókù. Bàbá àgbà ti ń wúkọ́ láti nǹkan bí oṣù 2, abiyamọ kan àti ọmọ rẹ̀ oṣù 3 sì ń sùn nítòsí rẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. A jọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, a ya páálí dànù, a sì mú bàbá lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó lo oògùn fún oṣù 6, ara rẹ̀ yá. Wọ́n sì fún ọmọ náà ní oògùn ìdáàbòbò. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí a há mọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ wọlé tí ó ń fẹ́ jáde, yóò gbá a lọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde láti inú ilé ìwòsàn 8 ní Lima, olú-ìlú Peru: àwọn ilé àtijọ́ tí fèrèsé wọn tóbi tí àjà wọn sì ga ń gba atẹ́gùn ju àwọn ilé ìgbàlódé lọ. Ẹni tí ó bá ti wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ 2 nínú ilé yín, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé fèrèsé àwọn bàbá wa kéré, wọ́n sì dàgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n ń gbé lójú ọ̀sán. Yàrá wà fún ẹrù àti oorun. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil dé sí Èkó, fèrèsé gíga onípákó ni wọ́n fi sí ilé tiwọn. Àwa wá kọ́ ilé tí kò ní àgbàlá, a tún ní kí fèrèsé kéré.

Ẹ̀fọn àti olè ni àwíjàre tí a máa ń gbọ́. Nẹ́ẹ̀tì ni ìdáhùn sí ti ẹ̀fọn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2009 láti Gambia fi hàn pé nínú ilé tí a ta nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí a sì dí àlàfo abẹ́ òrùlé, nǹkan bí ọmọ 12 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kéré jọjọ. Nínú ilé tí a kò fi nẹ́ẹ̀tì sí, ó tó 19. Ẹ máa fọ nẹ́ẹ̀tì náà o, nítorí eruku a máa dí i. Ní ti olè, ẹ fi irin sí i, ṣùgbọ́n kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ ó gbà jáde.

Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ni ó máa ń dùn mí jù. Bí férémù bá ti gba tirẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà 2½, kò sí bí ẹ ó ṣe di ìyá àgbà mú kí ẹ jọ wọlé, kẹ̀kẹ́ aláìsàn kò sì ní rọrùn láti gbà á. Ẹ sọ fún káfíńtà pé 3 ni ẹ fẹ́. Kí ó sì ṣí síta, nítorí ẹni tí ó bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí sínú yóò dí i mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà á là.

Ilé ìdáná nílò fèrèsé tí ó ṣí tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tàbí sítóòfù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé fèrèsé bí ó bá kan jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú tí ń jó nínú yàrá: èéfín olóró wọn kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Jìnnà sí fèrèsé ni kí jẹnẹrétọ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ háyà yàrá kò lè wó ògiri onílé, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé papọ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá da líńtẹ̀lì, torí fífẹ̀ ihò lẹ́yìn náà ti di wíwó ògiri. Ní ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù bá dé ìlà kẹrin, ẹ bá baálé ilé lọ síbẹ̀, ẹ mú téèpù dání.