Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Wákàtí Dírẹ́bà

Bí dírẹ́bà kan bá gbé ọkọ̀ akẹ́rù Kántà dé etí oko tòmátì nítòsí Èrúwà láago mẹ́jọ àárọ̀, ó lè di aago mẹ́ta ọ̀sán kí apẹ̀rẹ̀ tó pé. Alágbàtà ń dúnàá dúrà, àwọn alárùú ń jiyàn owó, dírẹ́bà fẹ̀yìn ti igi. Lóru ló máa forí lé ọjà Mile 12 l'Ékòó, torí tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ta ló ń ka wákàtí tí ojú rẹ̀ ti fi là sílẹ̀? Kò sí.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ti ń wa tírélà jẹun, ẹ̀rọ ló ń kà á. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ẹ̀rọ kékeré ni, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n so ó mọ́. Bí táyà bá ti yí báyìí, ó ti kọ aago, ibi tí ọkọ̀ wà àti máìlì tó rìn sílẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń fọwọ́ kọ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ní bírò lọ́wọ́ lè kọ oorun tí kò sùn síbẹ̀.

Wákàtí 11 ni dírẹ́bà lè fi wakọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko. Tó bá wà á fún wákàtí 8, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àmọ́ wákàtí 14 ló ń dun àwọn awakọ̀ jù. Látìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ni wọ́n ti ń kà á, ìbáà máa jẹun, ìbáà máa retí ẹrù. Lábẹ́ òfin yìí, dírẹ́bà tiwa lẹ́ẹ̀kan ti jó 7 nínú 14 lábẹ́ igi. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, máìlì ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìjókòó kì í fi bẹ́ẹ̀ mówó wá. Kí lẹni tí aago ń lé á ṣe? Á sáré ni. Àwọn olùwádìí tó yẹ àkọsílẹ̀ wò rí i pé àwọn tó ń rú òfin wákàtí dínkù, ṣùgbọ́n ìjàǹbá ò dínkù, wíwakọ̀ níwàkuwà sì pọ̀ sí i.

Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀ o. Lásìkò ìkórè, kò mú ẹni tó ń kó irè oko títí tó fi máa jìnnà sí oko ní nǹkan bíi kìlómítà 278, bí ẹyẹ ṣe ń fò. Èrúwà sí Mile 12 ò tó ìdajì ìyẹn. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti wà ṣáájú ọdún 2000 náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ irú ọkọ̀ tó ń gba Láńlátẹ̀ nítòsí Èrúwà kọjá á ti rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2017 pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ adẹ́kun eré sínú ọkọ̀. Ìyẹn ń wo eré, kò mọ ẹni tí oorun ń kùn. Tírákà tí olówó ọkọ̀ ń fi síbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, ibi tí ọkọ̀ wà ló ń sọ.

Lójú tèmi, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ Amẹ́ríkà wá lọ́la, dírẹ́bà tó ń gbowó lórí tírípù á wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹrù, ẹ kó apẹ̀rẹ̀ jọ kí ọkọ̀ tó dé. Kẹ́ ẹ sì bi dírẹ́bà léèrè ìgbà tó sùn gbẹ̀yìn, kó tó ṣáná sí ọkọ̀.