Kí a mọ orúkọ àìsàn ọpọlọ ká tó lo oògùn rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi aṣọ bò nínú agboolé wa ni abala ìlera àti ìmọ́tótó fẹ́ bá yín sọ lónìí: àìsàn ọpọlọ, bí a ṣe ń dá a mọ̀, àti bí a ṣe ń yan oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpèjúwe bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé kan bímọ ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Wọ́n sọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pa àgbò, tẹbí-tará yọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá ọmọ kò sùn mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, pé èyí tó wà lórí ẹní kì í ṣe tòun. Ìyá ọkọ ní abísínwín ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní àlùjànnú ni. Aládùúgbò kan tí àbúrò rẹ̀ ń gba ìtọ́jú sáré wọlé, ó da hóró oògùn mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́: "Ẹ fún un kó lò ó. Òun ló mú ara tiwa balẹ̀."

Gbogbo wọn ló fẹ́ ire. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tíì wọn ara rẹ̀ bóyá ó gbóná, tàbí tó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ìyá tí kòkòrò àrùn wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè máa sọ ìsọkúsọ nítorí ibà líle. Bí ó bá sì jẹ́ abísínwín ni lóòótọ́, àìsàn pàjáwìrì ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìyá lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe. Ó ní oògùn, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa ń gbádùn pátápátá.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn ọpọlọ.

Báwo ni dókítà ṣe ń dá a mọ̀?

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán orí tó lè sọ fúnra rẹ̀ pé irú àìsàn ọpọlọ báyìí ló ń ṣe lágbájá. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀, ohun mìíràn tó lè da orí rú ni wọ́n ń wá: ibà, táífọ́ọ̀dù, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù tàbí tó ga jù, gẹ̀gẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò béèrè bóyá aláìsàn ti ṣubú forí gbá, bóyá wárápá wà lára rẹ̀, bóyá ó ń fa igbó, bóyá ó ń lo tramadol tàbí kódìn.

Ìyókù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe é rí? Ṣé ó ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí? Nítorí náà, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé ni kí ó tẹ̀lé e lọ, kì í ṣe ẹni tó kàn ní mọ́tò. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ nítorí ìtìjú. Irọ́ tí a bá pa fún dókítà, ara aláìsàn wa ni yóò ti jáde.

Orúkọ yàtọ̀, oògùn yàtọ̀

"Wèrè" nìkan ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Àwọn dókítà kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò lè sùn, tí ó ń rò pé òun kò wúlò fún nǹkan kan, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá jà. Wọ́n lè fún un ní fluoxetine tàbí amitriptyline. Àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí a tó rí ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á ní kò jẹ́.

Ẹlòmíràn, inú rẹ̀ yóò dùn ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Yóò máa ná owó bí ẹni pé òun ló ni ilé ìfowópamọ́, tàbí kí ó máa bínú sí gbogbo ayé. Bí ó bá yá, irú ẹni yìí kan náà lè wá rẹ̀wẹ̀sì, kó dákẹ́ sínú yàrá. Oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan ni tirẹ̀, bíi lithium tàbí sodium valproate. Ibi tó ti ṣòro nìyí: bí a bá rí i lásìkò ìrẹ̀wẹ̀sì, tí a kò sọ pé ó ti hu ìwà àkọ́kọ́ yẹn rí, tí wọ́n wá fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn náà lè tún gbé e sókè lódìkejì. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: valproate máa ń ba ọmọ inú oyún jẹ́. Obìnrin tó lè lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tó ń fura pé wọ́n ń lépa òun, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì so pọ̀ mọ́. Haloperidol, risperidone àti olanzapine wà lára oògùn tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ sì wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí ara wọn fún ẹni tí kì í rántí lo hóró.

Kí dókítà tó yan ọ̀kan nínú wọn, yóò wo àìsàn mìíràn tó wà lára, bíi àtọ̀gbẹ. Olanzapine lè mú kí ènìyàn sanra kí ṣúgà rẹ̀ sì ga. Yóò béèrè bóyá ìyá ń fún ọmọ lọ́mú, oògùn wo ló ti ṣiṣẹ́ fún un rí, àti èyí tí agbára ẹbí lè máa rà láìdáwọ́ dúró. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn oògùn kan wà tí kò wọ́n. Èyí sàn ju kí a rà á lẹ́ẹ̀kan kí a má padà lọ mọ́.

Bí oògùn bá ń nini lára

Haloperidol lè mú kí ọrùn le, kí ojú yí sókè, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà. Àwọn tó rí i máa ń sọ pé ayé ti tún wọ̀ ọ́. Oògùn ni. Ẹ tètè gbé e padà lọ. Ohun tí wọ́n máa fi rọ̀ ọ́ wà. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ara ti yá. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń lò ó fún ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn tí ó ti gbádùn. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ikú yá òun ju ayé lọ, ẹ bi í léèrè láìfọ̀rọ̀ bò. Bíbéèrè kọ́ ló ń gbé e sí i lọ́kàn. Ẹ máa tọ́jú oògùn rẹ̀ sọ́wọ́ ara yín, nítorí amitriptyline tí a bá lò ní àlòjù lè pa ènìyàn.

Àáfà ńkọ́?

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n Áńnábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á máa wá ìtọ́jú. Àwọn Mùsùlùmí ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ nílé ìwòsàn tipẹ́. Èyí tí Súlútáànì Qalawun kọ́ ní Káírò ní 1284 ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Nílẹ̀ wa, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní Abẹ́òkúta ní 1954, níbi tí ẹbí ti ń bá aláìsàn gbé nígbà ìtọ́jú. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2020, sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń fi àdúrà wo aláìsàn bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera, ní Nàìjíríà àti Gánà. Ara àwọn aláìsàn wọn yá ju ti àwọn tí kò rí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Àáfà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ka tirẹ̀, yóò sì ní kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní kí ẹ dá oògùn dúró, tó ń dè é mọ́lẹ̀, tó ń nà án, tàbí tó ń febi pa á, ẹ gbé èèyàn yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ẹ̀sìn kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́rùn. Kí ni àwa wá ń nà án sí?

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo àgbo pẹ̀lú. Asófẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń mú orí balẹ̀ lágbára lóòótọ́, ó sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bí ó bá pàdé oògùn òyìnbó nínú ara, aláìsàn lè dákú.

Oṣù Ràmàdáánì

Kí ààwẹ̀ tó wọlé ni kí ẹ lọ rí dókítà. Àwọn oògùn kan ṣeé sún sí àsìkò sààrì àti ìṣínu. Lithium nílò ìṣọ́ra gidi: bí omi bá gbẹ lára, ó lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí yóò di májèlé. Bí dókítà bá ní kí ó má gbààwẹ̀, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Bẹ́yẹrúnkà. Kí wọ́n dá hóró mẹ́rin yẹn padà fún ẹni tó ni ín. Kí ìyá ọkọ gba ọmọ mọ́ra, kí ọkọ àti ẹni tó ń sùn ti ìyá ọmọ gbé e dìde. Láti Bẹẹrẹ sí UCH kò jìn, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Kí àáfà máa ṣe àdúà bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, láti ọjọ́ tí kò ti sùn mọ́.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó má sì gba làákàyè lọ́wọ́ wa. Àmín.