Ìtúpalẹ̀, àwítúnwí àti ìpadàbọ̀ nínú ẹ̀kọ́ dùùrù

ìtúpalẹ̀ (ọ̀rọ̀-orúkọ, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe *tú palẹ̀*): títú ohun kan sí ẹ̀yà ara rẹ̀ láti rí bí àwọn ẹ̀yà náà ṣe so pọ̀.

Ìlò. Àbọ̀ ni a máa ń fi sí àárín ọ̀rọ̀-ìṣe yìí: *tú orin palẹ̀*, *tú u palẹ̀*. Ìtúpalẹ̀ yàtọ̀ sí ìtumọ̀. Ẹni tó ń wá ìtumọ̀ orin ń béèrè ohun tí orin náà ń sọ. Ẹni tó ń tú u palẹ̀ ń béèrè bí a ṣe tò ó. Fún atẹdùùrù, iṣẹ́ ojú ni ìtúpalẹ̀, ó sì yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ ìka.

Àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1788, Mozart kọ sonátà dùùrù tí a mọ̀ sí K. 545. Nínú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó pè é ní sonátà kékeré fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Báà 73 ni apá kìíní rẹ̀ ní. Bí a bá tú u palẹ̀, ẹ̀yà mẹ́ta ni a ó rí:

1. *ìfihàn* (báà 1 sí 28): kókó orin àkọ́kọ́ wà ní kíì C, èkejì bẹ̀rẹ̀ ní báà 14, ní kíì G.
2. *ìmúgbòòrò* (báà 29 sí 41): orin ń ti kíì kan bọ́ sí òmíràn.
3. *ìpadàbọ̀* (báà 42 sí 73): àwọn kókó orin méjèèjì padà wá.

Ìkíyèsí fún ògbufọ̀. Kò tọ́ kí a pe ẹ̀yà kẹta ní *àwítúnwí*. Àwítúnwí ni wíwí ohun kan náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìfihàn ni ọ̀rọ̀ náà bá mu, nítorí àmì tó wà ní òpin báà 28 ń dá atẹdùùrù padà sí báà 1, kó tún tẹ gbogbo rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà bọ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní báà 42, kókó àkọ́kọ́ padà ní kíì F, kì í ṣe ní kíì C tí etí ń retí. Báà 13 ló ṣáájú kókó kejì nínú ìfihàn. Nínú ìpadàbọ̀, ó di 17. Báà 59 ni kókó kejì tó dé, kíì C ló sì wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá yàn lè ṣi atẹdùùrù lọ́nà. Kọ́kọ́rọ́ funfun nìkan ni báà 1 sí 4 ń lò. Ní báà 42 sí 45, kọ́kọ́rọ́ dúdú ti wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún pé àwítúnwí ni yóò fi ìka lọ síbi tó mọ̀, orin yóò sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú àwọn olùgbọ́.

Gbólóhùn: *Ó tú sonátà náà palẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwítúnwí parí ní báà 28. Ìpadàbọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní báà 42.*