Àgbò tó fẹ̀yìn rìn: Ọgbọ́n tí kòkòrò ikọ́ ife fi ń sá pamọ́ fún oògùn

Kí ló dé tí ẹni tó ní ikọ́ ife, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí TB, fi gbọ́dọ̀ lo oògùn fún odidi oṣù mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé láàárín oṣù kan sí méjì ni ikọ́ náà ti máa ń rọlẹ̀, tí ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mókun? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń bi ara wọn. Bí wọn kò bá rí ẹni dá wọn lóhùn, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé oògùn tì, wọ́n á ní ara àwọn ti yá. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì ti rí ìdáhùn sí i, inú kòkòrò tó ń fa àìsàn náà gan-an ni wọ́n sì ti rí i.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1882, ni Robert Koch, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọjọ́ náà fún àyájọ́ àìsàn yìí káàkiri àgbáyé. Kòkòrò ọ̀hún kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ iṣẹ́ ibi rẹ̀ kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 10.8 ni àìsàn náà mú, mílíọ̀nù 1.25 sì bá a lọ. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà wà lára àwọn mẹ́jọ tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn náà ti wá.

Ohun tó wà nínú kòkòrò

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ewéko, ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní jíìnì nínú ara. Ẹ jẹ́ ká fi jíìnì wé irinṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ ní ọkọ́, ó ní àdá, ó ní àáké, ó sì ní agbọ̀n ìkórè, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ tó bá délẹ̀ ló ń sọ èyí tó máa mú. Bákan náà ni kòkòrò ṣe ń ṣe. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 1998 fi hàn pé kòkòrò ikọ́ ife ní jíìnì tó tó 4,000, àmọ́ kì í lo gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, François Jacob àti Jacques Monod, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké ní ọdún 1961. Kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun èèyàn ni wọ́n fi ṣe ìwádìí. Bí wọ́n bá fún un ní ṣúgà oríṣi méjì, èyí tó rọrùn fún un ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró díẹ̀, yóò ṣí jíìnì tó lè fi jẹ ṣúgà inú wàrà, yóò sì máa bá oúnjẹ lọ. Bí ìlù bá ṣe yí ni ijó ń yí. Ní ọdún 1965, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel, àwọn àti ẹnìkejì wọn, André Lwoff.

Oorun àgbọ́nsùn

Bí èèyàn bá fa kòkòrò ikọ́ ife símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Àwọn ọmọ ogun ara á dìde sí i, wọ́n á yí i ká bí ẹni mọ odi. Nínú odi yìí, atẹ́gùn ọ́síjìn kò tó, oúnjẹ sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀dá mìíràn ìbá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ní ohun méjì tó dà bí ẹ̀ṣọ́ nínú ara rẹ̀, tí ń mọ ìgbà tí ọ́síjìn bá ń tán. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní DosR, òun náà á sì ṣí nǹkan bíi 48 lára àwọn jíìnì wọ̀nyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí ṣe gbé e jáde ní ọdún 2003. Láti ìgbà náà, kòkòrò kò ní bí sí i mọ́. Ọ̀rá tó ti kó pamọ́ ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì sùn bí isu inú àká tó ń retí òjò.

Ó lè sùn báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ayé ni wọ́n gbà pé kòkòrò yìí ti wọ̀ lára. Nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, márùn-ún sí mẹ́wàá ni àìsàn náà máa hàn lára wọn láyé wọn. Ọjọ́ ogbó, àìjẹunre-kánú, àtọ̀gbẹ àti kòkòrò HIV wà lára ohun tó ń sọ odi náà di ahẹrẹpẹ, tí kòkòrò á fi jí. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ìdí tí oògùn fi ń pẹ́

Oògùn tó ń jẹ́ isoniazid kì í jẹ́ kí kòkòrò rí ògiri ara rẹ̀ mọ. Èyí tó ń bí sí i ló ń mọ ògiri, nítorí náà kíákíá ni oògùn náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́lé, báwo la ṣe fẹ́ dá bíríkìlà rẹ̀ dúró? Ibẹ̀ ni rifampicin ti wúlò. Òun kì í jẹ́ kí kòkòrò rí iṣẹ́ tó wà nínú jíìnì rẹ̀ dà kọ, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá ta jí díẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni méjì wọ̀nyí á wá parí iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́rin. Àwọn tó ń sùn ni oṣù mẹ́rin yẹn wà fún.

Kì í ṣe pé oògùn kò ran àwọn tó ń sùn yìí rárá o. Ní ọdún 1944, Joseph Bigger, ọmọ ilẹ̀ Ireland, rí i pé penicillin pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú kòkòrò mìíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ṣẹ́kù. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́kù bí sí i, oògùn kan náà pa àwọn ọmọ wọn. Fífara pamọ́ ni wọ́n fara pamọ́, ara wọn kò yí padà.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé, bí aláìsàn bá dá oògùn dúró láìpé, àwọn tó fara pamọ́ á jí, wọ́n á tún di púpọ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń bí, àṣìṣe máa ń wọ inú jíìnì àwọn ọmọ wọn, èyí tó lè sọ òmíràn di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́ títí láé. Bí isoniazid àti rifampicin kò bá ràn án mọ́, ìtọ́jú á nira, oògùn rẹ̀ á sì wọ́n gan-an.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá tí òógùn òru, ibà tàbí rírù bá tẹ̀ lé e, ẹ má fi agbo tàbí kápúsù ọjà tì í. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí omi ọsàn nígbà tí ẹ ń lo oògùn náà, ẹ má fòyà, rifampicin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara bá sì ti yá lóṣù kejì, ẹ rántí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.