Ẹsẹ̀ Wa Tá A Pa Tì

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti oyè jíjẹ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wa ni.

Bẹ́ ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà Sabon Gari láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú adaidaita sahu, ilé wọn ò jìnnà sọ́jà náà rárá. Ilé ẹlòmíì ò ju òpópónà mẹ́ta lọ síbẹ̀. Ẹrù ò sí lọ́wọ́ wọn, àìsàn ò sì ṣe wọ́n. Ojú ló ń tì wọ́n. Lójú tiwa, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, owó ọkọ̀ ni ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá wá lọ jẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn, wọn á ní nǹkan ti yíwọ́ fún un.

Àwọn baba wa ò rí i bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọjà láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á tún fẹsẹ̀ padà wá gbowó. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbọ́n wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló síwájú ilé ẹ̀ títí owó á fi jáde. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, nílùú Òyìnbó, wá dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó rówó kòkó ló ń rà á. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn, ẹni ńlá ni. Àfìgbà tí mọ́tò àti ọ̀kadà wá pọ̀ tán la sọ ọ́ di ti òtòṣì.

Níhìn-ín ní Kano, achaba la kọ́kọ́ fi rọ́pò ẹsẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de achaba lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, a bọ́ sínú adaidaita sahu. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn awakọ̀ adaidaita sahu daṣẹ́ sílẹ̀ torí owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn, ni tolówó tòtòṣì bá ń fẹsẹ̀ rìn, àtọmọ iléèwé àtòṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Lítà epo tí ò tó 200 náírà fò kọjá 500, owó ọkọ̀ náà sì gbéra. Ìrìn tipátipá nìyẹn o, kò sẹ́ni tó máa gbádùn ẹ̀. Èyí tá à ń sọ ni ìrìn tí èèyàn fúnra ẹ̀ yàn.

Kí ni ìrìn ń ṣe lára? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí èyí tó ṣe kedere jù. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris fẹ́ mọ ìdí tí àrùn ọkàn fi ń pa àwọn èèyàn. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ á jókòó látàárọ̀, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ á máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á tún sọ̀, tó fi jẹ́ pé lóòjọ́, á gun àtẹ̀gùn bí 500 sí 750. Àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Wọ́n tún yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ wò: ó sàn fáwọn tó ń fẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ju àwọn akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Ọdún 1953 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Morris fúnra ẹ̀ kú lọ́dún 2009, ọmọ ọdún 99 ni.

Adaidaita sahu tiwa ò tiẹ̀ ní kọ̀ndọ́kítọ̀. Awakọ̀ jókòó, èrò jókòó. Bí ọlọ́jà wa bá sọ̀ kalẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ló tún ń lọ jókòó sí títí di alẹ́, á sì jókòó padà sílé lọ jẹ àmàlà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń ráyè, títí rọpárọsẹ̀ á fi kanlẹ̀kùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èèmí yára díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn lọ sọ́jà, tó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn padà, lọ́jọ́ márùn-ún, ti pé e, kò sì san kọ́bọ̀.

A ò ní purọ́, ojú ọ̀nà léwu. Lágbàáyé, nínú èèyàn mẹ́rin tí jàǹbá ọkọ̀ pa, ó lé ní ẹnì kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́. Afárá tó ń kọjá lókè oríta ti wà ní Kano, ṣùgbọ́n ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà nísàlẹ̀ ńkọ́? Gọ́tà ò lómọrí. Níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bá sì wà, a ti tẹ́ ọjà síbẹ̀. Ká má dá ìjọba nìkan lẹ́bi o, torí àwa Yorùbá náà wà lára àwọn tó tẹ́ ẹ. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ nítorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ká kọ́kọ́ kó ọjà tiwa kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó tètè jáde kí oòrùn tó mú, pàápàá nínú oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún tí ooru Kano máa ń pọ̀ jù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wá nǹkan bo imú. Oníkẹ̀kẹ́ tó máa pẹ́ níta, kó ní iná lẹ́yìn, kó sì wọ aṣọ tó máa hàn lókùnkùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má torí ìrìn pa oògùn tì, kó bi dókítà ẹ̀ bó ṣe yẹ kóun bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń fún èèyàn nígbà tó ń rìn, kó dúró, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ yẹn, kó wọ ọkọ̀.