Ojú Itan Àgbà Tí A Pààrọ̀ Ilẹ̀kùn Ọkàn Rẹ̀

Bí àgbàlagbà ará Sekona kan bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní London, tí àwọn dókítà sì pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ níbẹ̀, àyà rẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò máa bèèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan bèèrè ojú itan rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ewu lè gbà yọ.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn. Èyí tí ó wà ní ẹnu iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara a máa le gbagidi lára àwọn arúgbó kan, bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Èémí onítọ̀hún a kúrú, òòyì a sì máa kọ́ ọ. Ní àtijọ́, àfi kí a la àyà kí a tó lè dé ìdí rẹ̀. Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní Enugu ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2002, ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, Dókítà Alain Cribier gba inú iṣan itan ọkùnrin ẹni ọdún 57 kan, ó sì fi ilẹ̀kùn titun sínú ti àtijọ́ láì la àyà rẹ̀.

Lóde òní, rọ́bà tí a fi ń gbé ilẹ̀kùn náà gòkè nípọn tó nǹkan bí mílímítà 6. Kò jìnnà sí ìwọ̀n pẹ́ńsùlù ọmọ ilé-ìwé. Iṣan tí a sábà máa ń lu fún un kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń rọra gbà padà. Èyí tí ọkàn ń fi agbára ta ẹ̀jẹ̀ sí ni. A sì ti fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nígbà tí a bá yọ rọ́bà náà, báwo ni a ó ti ṣe dí ihò rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní dàbí kí a fi okùn rán igbá tí ó sán: irinṣẹ́ tí a ń pè ní ProGlide ni a fi ń ta okùn sí iṣan kí rọ́bà ńlá tó wọlé, a ó sì fà á pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èkejì dàbí kí a fi èdídí dí ẹnu agbè: èyí ni MANTA, tí ń fi ohun kan tí a ṣe láti ara màlúù dí ihò. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn dókítà fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn lára aláìsàn 516, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Èdídí yá ju okùn lọ: ẹ̀jẹ̀ dá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 80, nígbà tí ti okùn gba 240. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá ojú ihò bá 19.4 nínú 100 àwọn tí a fi èdídí dí, ó sì bá 12.0 nínú 100 àwọn tí a rán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Síbẹ̀, okùn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Kí ni ìjàǹbá náà? Bí ihò kò bá dí tán, ẹ̀jẹ̀ a jò sábẹ́ awọ, itan a sì wú. Bí a bá lu iṣan lókè jù, ẹ̀jẹ̀ lè jò sínú ikùn lápá ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò lè rí i. Bí a bá sì dí i pa jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ẹsẹ̀ mọ́. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin, nítorí iṣan wọn kéré, àti lára ẹni tí iṣan rẹ̀ ti le. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó ń fara hàn kí aláìsàn tó kúrò ní ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n òmíràn a máa dúró di ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ó ti wà nílé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ojú ibẹ̀, ẹ má sì fi òróró tàbí òrí wọ́ ọ. Kí àgbà má gbé ẹrù, kí ó má sì di ọkọ́ mú, títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Kí ó má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kí ọmọ bèèrè ọjọ́ tí ó tọ́ kí bàbá tàbí ìyá wọ ọkọ̀ òfúrufú padà wálé.

Ìtìjú ni ó burú jù. Bàbá kì í fẹ́ ṣí itan han ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá kì í sì í fẹ́ kí ọmọkùnrin rí tirẹ̀. Wọn a ní kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, máa wò ó láràárọ̀. Bí ó bá wú, bí ó bá ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́, bí ẹsẹ̀ bá tutù tàbí kú tipiri, bí ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ. Ní Sekona, ilé-ìwòsàn ńlá wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì wà ní Òṣogbo.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹnìkan fi aṣọ mímọ́ àti ọwọ́ tẹ ojú ihò náà gírígírí. Kí ó má máa ṣí i wò. Kí ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, títí dókítà yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.